Pẹ́ńsù Dádì Lórí Ìlà Márùn-ún

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì

Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Ẹ̀ka Orin fẹ́ gba GA méjì, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, nínú àwa tí à ń ṣe másítà. Ẹni tó bá rí i gbà yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, yóò máa tẹ dùùrù fún akọrin yunifásítì, kò sì ní san owó ilé-ìwé mọ́ títí yóò fi parí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bí n kò bá rí i gbà, másítà mi dópin ní Éépúrù, nítorí ohun tí Mọ́mì tọ́jú fún un ti bá àìsàn Dádì lọ. Ọkùnrin kan tó ni ilé-ìwé ní Àpòmù ti ní òun fẹ́ kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ òun ní gbogbo nǹkan: orin, ìṣirò, àti ìwà ọmọlúwàbí.

Ohun tó bí mi nínú lónìí ni pé Dádì ní kí n kó ìwé orin wọn lọ fún láíbìrì ẹ̀ka wa, ẹ̀bùn ni. Odindi àpò Gana-mọ́ọ̀sì-gò méjì. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn ní Kérésì ni wọ́n ti ń pín ẹrù wọn bí ẹni tó ń múra ìrìn-àjò, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná." Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ kà á? Èkúté?" Mo fi ìbínú kó o sórí ọ̀kadà. Mo fọwọ́ sí rẹ́jísítà ní láíbìrì, n kò tilẹ̀ ṣí ẹyọ kan wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Fẹ́búárì

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, kí ojú mi lè rí i: n kò lè ka orin tí wọ́n kọ sórí ìlà márùn-ún.

Kì í ṣe pé n kò mọ orúkọ àwọn àmì náà. Fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti pẹ́ńsù, màá kọ sólfà, dò-rè-mí, sórí gbogbo wọn bí Dádì ti kọ́ mi ní kékeré, lẹ́yìn náà màá tẹ̀ ẹ́ débi tí ẹ ó fi sunkún. Dádì tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkirè fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pẹ́ńsù ni wọ́n sì fi tẹ gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe gba dìgírì. Wọ́n máa ń fún wa ní orin ìdánwò ṣáájú. Màá gbé e relé, màá kọ sólfà sí i, màá há a sórí, màá sì fi kílínà pa pẹ́ńsù náà rẹ́ kí olùkọ́ tó rí i.

Ṣùgbọ́n ìdánwò GA pín sí mẹ́ta: orin tí èèyàn yàn fúnra rẹ̀, kíkọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní fún ogún ìṣẹ́jú, àti títẹ orin tí èèyàn kò rí rí, lójú ẹsẹ̀, níwájú Purofẹ́sọ̀ tó máa wá láti òde. Ẹ̀kẹta yìí ló fẹ́ pa mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Khalid nìkan ni mo sọ fún. Ọmọ Àpòmù ni, ìyá rẹ̀ ń ta gaàrí nínú ọjà ibẹ̀, òun náà sì ń du ipò GA. Nínú báǹdì ilé-ìwé girama ló ti kọ́ trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń na ẹni tó bá ṣì í kà. Nítorí náà Khalid ń ka ìlà márùn-ún bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ìka rẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù ni kò dára. Ó le bí igi ìdáná.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù! So na magic you dey do since?"

"Khalid, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ fẹ́nì kankan."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ipò méjì ni. Kọ́ ìka mi, kí n kọ́ ojú ẹ. Èmi kan, ìwọ kan. Ọlọ́runtóbi á máa padà lọ s'Íbàdàn."

Ọlọ́runtóbi ni ẹni kẹta wa, tó ń wọ táì wá sí kíláàsì nínú ooru yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Fẹ́búárì

Mo fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà tí ara Dádì kò ti yá, èmi ni mò ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí mo mú ìwé tuntun tí kò ní pẹ́ńsù, mo ní kí n fi orin ìwọlé dán ojú mi wò. Ẹsẹ kìíní lọ. Ní ẹsẹ kejì mo sọnù, akọrin ń lọ sọ́tùn-ún, èmi ń lọ sósì, Fíkà sì yíjú padà wò mí. Mo pa ìwé dé, mo fi orí tẹ ìyókù.

Nígbà tí a délé, Dádì ní, "Kí ló dé sí ẹsẹ kejì?"

Mo ní òógùn ló wọ̀ mí lójú.

Wọ́n ní, "Hẹn." Hẹn yẹn kò jẹ́ kí n lè jẹ ìrẹsì mi tán.

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Ipò ti di ẹyọ kan. Dókítà Afọláyan, ọ̀gá ẹ̀ka wa, pè wá sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní, "Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí mi ni mo ṣe ń jẹ́ ẹ." Khalid ń wo ilẹ̀. Èmi náà ń wo ilẹ̀. Bí a ti ń jáde, Ọlọ́runtóbi ní, "May the best man win." Ó ṣe mí bíi kí n fi táì rẹ̀ fún un lọ́rùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Fẹ́búárì

Khalid kò wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Fẹ́búárì

Kò wá. Iná pàápàá kò wá.

Ọjọ́ Ajé, 24 Fẹ́búárì

Ó wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì bí ẹni tó wá kí òkú.

"Mo ti ní kí n má wá mọ́," ó ní. "Àmọ́ ìka mi ò tíì jinná."

Mo ní kó jókòó. A fi wákàtí kan ṣe ti ìka rẹ̀. Nígbà tó kan tèmi, ó yọ kílínà funfun kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní kí n kọ sólfà mi sórí orin kan bí mo ṣe máa ń kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó pa pẹ́ńsù ìlà àkọ́kọ́ rẹ́, ó ní kí n tún un tẹ̀. Ó pa ìlà kejì rẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí pẹ́ńsù fi tán lórí ìwé.

"Mo ti há a sórí ni," mo ní. "Ìyẹn kì í ṣe kíkà."

"Mo mọ̀. Lọ́la, orin tuntun, ìdajì lo máa kọ. Ọ̀túnla, orin tuntun, ẹyọ àkọ́kọ́ nìkan. Bí Áfà ṣe kọ́ mi ní kéwú nìyẹn. Wọ́n á kọ ọ́ sí wàláà, wọ́n á máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kó o tó mọ̀, o ti ń ka èyí tẹ́nì kankan ò kọ́ ẹ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ooru yìí kò mọ̀ pé àwọn èèyàn ń gbààwẹ̀. Khalid fi ètè gbígbẹ kọ́ mi láti aago mẹ́wàá títí di ìrọ̀lẹ́, ó pa pẹ́ńsù mi rẹ́ títí kílínà rẹ̀ fi di kékeré bí ẹ̀wà. Mo mu omi lẹ́yìn ilé kí ó má baà rí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Máàṣì

Orin ìwọlé lónìí, n kò rí i rí, kò sí pẹ́ńsù, mo sì tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sẹ́ni tó yíjú padà. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó jáde nínú ọ̀sẹ̀ Lẹ́ńtì.

Dádì ló mọ̀. Nílé wọ́n ní, "Pẹ́ńsù rẹ dà?"

Mo ní mo ti fi sílẹ̀, sà.

Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sórí itan. "Kò sẹ́ni tó kọ́ èmi ní ti ìlà," wọ́n ní. "Bí mo ṣe ń ti ẹyọ kan bọ́ sí ẹyọ kejì nìyẹn, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀rù máa ń bà mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú." Èmi tí mo rò pé Dádì kò bẹ̀rù nǹkan kan rí! Mo lọ bu oúnjẹ wọn wá.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì

Olóhun ilé-ìwé Àpòmù pè mí lórí fóònù. Ó fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á wá ẹlòmíràn. Mọ́mì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ ẹni la fi ń sọ̀kò sí ti orí igi?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ìdánwò mi ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Máàṣì

Mo ń sáré kọ èyí ni, ẹ má wo bí lẹ́tà mi ṣe rí.

Wọ́n kọ́kọ́ pe Khalid wọlé, lẹ́yìn náà Ọlọ́runtóbi. Khalid jáde, ó na àtàǹpàkò sí mi. Ó kàn mí. Orin tí mo yàn fúnra mi lọ dáadáa. Purofẹ́sọ̀, bàbá kúkurú kan tí ohùn wọn ju ara wọn lọ, ní, "Ó yá, èyí tí o kò rí rí." Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn lọ mú ìwé náà ní láíbìrì láàárọ̀, nínú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì yá, kí ẹnì kan má baà ní àǹfààní ju ẹnì kejì lọ. Wọ́n ṣí i síwájú mi.

Pẹ́ńsù Dádì ni mo rí.

Ó wà lórí gbogbo ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti òkè délẹ̀, lórí ìwé tó ti pọ́n. Ó ti ṣá débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ìdọ̀tí ni. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìka mi ti gbéra kí n tó rò ó.

Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo ti gba iṣẹ́ náà. N kò jí i, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní èmi ni mo kó ìwé náà lọ síbẹ̀, orúkọ mi sì wà nínú rẹ́jísítà. Ti Khalid náà á bàjẹ́ mọ́ tèmi. Mo ro gbogbo èyí láàárín ìgbà tí Purofẹ́sọ̀ fi wo aago wọn. Kì í ṣe ìwà mímọ́ ló wá ya ẹnu mi, èmi mọ ara mi. Inú ló bí mi. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ yìí fọ wàláà, pẹ́ńsù yìí tún jókòó síwájú mi, n kò sì ní mọ̀ láéláé bóyá mo lè kàwé.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ti kọ sólfà sí èyí."

Purofẹ́sọ̀ gbé ìwé náà sí ojú fèrèsé. "Ta ló kọ ọ́?"

"Bàbá mi ni, sà."

Dókítà Afọláyan gbójú sókè. "Ìwọ lo kó àwọn ìwé yẹn wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O mọ̀ pé nǹkan wà nínú wọn?"

"N kò ṣí wọn, mà." Lójú ara mi pàápàá, irọ́ ló jọ.

Wọ́n ní kí n jáde. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Gbogbo wa máa tún ti orin àìrí-rí ṣe lọ́la, Purofẹ́sọ̀ á fọwọ́ ara wọn kọ òmíràn. Ní tèmi, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó wò ó bóyá wọ́n á jẹ́ kí n wọlé rárá.

Khalid dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò. "O ò kàn lè tẹ̀ ẹ́?"

"Ìwọ ò rí i?"

"Mo rò pé ìdọ̀tí ni! Mo ti ṣe tèmi tán, Ṣẹwà. I don finish am. Ìka mi ò dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ó sì lè má dára bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo ní kó má bínú. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ọjọ́rú, 19 Máàṣì

Wọ́n jẹ́ kí n wọlé. Mo tẹ orin Purofẹ́sọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ru omi láìní òṣùká. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n n kò dúró. Láti ìta mo gbọ́ ti Khalid. Ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ìka rẹ̀ ti le padà.

Lẹ́yìn náà ni kíkọ́ni. Àwọn ọmọ ọdún kìíní bí ọgbọ̀n, ọmọ Wásinmi, ọmọ Ìkòyí, ọmọ Ararọ̀mí-Òwu, ń wo ìlà márùn-ún lórí bọ́ọ̀dù bí ẹni ń wo ejò. Mo mọ ojú yẹn, ojú mi ni. Mo gbé ìwé tí mo kọ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kọ sólfà sábẹ́ orin ibẹ̀, wọ́n fi ẹnu kọ ọ́. Mo mú dọ́sítà, mo pa ìlà kan rẹ́, wọ́n tún un kọ. Mo pa òmíràn rẹ́. Mo kọ orin tuntun, mo fún wọn ní ìdajì sólfà. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, wọ́n kọ orin kẹta láìsí sólfà kankan, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Purofẹ́sọ̀ ní, "Níbo lo ti rí ọgbọ́n yìí?"

Mo ní, "Mo ti ń gbìyànjú rẹ̀ wò fún ìgbà díẹ̀, sà."

Khalid jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń dúró de tirẹ̀. N kò lè wo ibẹ̀. Àná mo sọ òtítọ́ tó lè lé mi lọ. Lónìí, òtítọ́ tí kò ní pa mí lára ni mo gbé mì.

Ọjọ́ Ajé, 24 Máàṣì

Mo bẹ olóhun ilé-ìwé Àpòmù pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ó kọ̀. Mọ́mì kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Máàṣì

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo wọ mọ́tò lọ sí Àpòmù lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Khalid, Àlhájà Àṣíáwù, dì mọ́ mi, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran síwájú mi, wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ ọmọ mi, ó ti pẹ́ tá a ti rí ẹ." Ó hàn pé Khalid kò sọ nǹkan kan fún wọn.

Ó wà lẹ́yìn ilé. Mo bá a níbẹ̀.

"Ó yẹ kí n dárúkọ ẹ," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

"Màá lọ sọ fún wọn."

"Wọ́n ti fi máàkì ránṣẹ́ láti ọjọ́bọ̀."

Ó já ìgò mínírà kan fún mi. Kò jókòó.

Ọjọ́bọ̀, 3 Éépúrù

Èmi ni wọ́n mú.

Dádì ní kí n ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́mì kúnlẹ̀ sínú yàrá ìdáná, wọ́n ń dúpẹ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Nírọ̀lẹ́ Khalid fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "O kú oríire. Ọ̀gá ilé-ìwé Àpòmù ti gbà mí. Ó ní mo máa kọ́ wọn ní ìwà ọmọlúwàbí náà." Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún débi tí Mọ́mì fi rò pé ayọ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, 7 Éépúrù

Kíláàsì mi àkọ́kọ́. Kí n tó kọ orin kankan sí bọ́ọ̀dù, mo kọ ọ́ gàdàgbà: ỌGBỌ́N KHALID, ỌMỌ ÀPÒMÙ. Wọ́n ní ta nìyẹn? Mo ní olùkọ́ mi ni. Lẹ́yìn náà mo lọ sọ ọ́ fún Dókítà Afọláyan. Wọ́n ní, "O pẹ́ kó o tó sọ ọ́."

Wọ́n na ìwé kan sí mi, iṣẹ́ mi àkọ́kọ́: kí n kó gbogbo ìwé tí Ọ̀gbẹ́ni Obadiah Akínbíyì, Dádì mi, fi ta láíbìrì lọ́rẹ, kí n sì pa gbogbo pẹ́ńsù inú wọn rẹ́, kí wọ́n lè wúlò fún ìdánwò.

Ọjọ́bọ̀, 10 Éépúrù

Mo gbé àpò kan wálé, mo fẹ́ ṣe é nínú yàrá mi. Dádì rí mi lójú ọ̀nà.

"Ṣé ìwé mi nìyẹn? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo sọ fún wọn. Wọ́n na ọwọ́ òsì. "Fún mi ní kílínà kan."

A jókòó sí fàráńdà. Òjò gidi àkọ́kọ́ ọdún yìí ń rọ̀. Mo di ojú ìwé mú, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì pa á rẹ́, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ìdọ̀tí kílínà dànù. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ orin náà jẹ́ẹ́jẹ́ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Mo gbé ojú mi sínú òjò kí wọ́n má baà rí i.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan, mo rí pẹ́ńsù tí kì í ṣe sólfà. *Àìkú kẹta, Lẹ́ńtì. Mo ṣi ohùn kẹta tẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi Fọláṣẹwà, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ yìí á jù mí lọ.*

Awò ojú wọn wà nínú ilé. Wọn kò lè rí i.

"Ó tán?" wọ́n ní.

"Ó ku ìlà kan, sà."

"Pa á rẹ́, iṣẹ́ rẹ ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo fi kílínà sápò, mo sì pa ìwé náà dé.